Lẹ́tà A tí Mo Kọ Lẹ́yìn Ọ̀gá

Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá bi ọkọ mi, á sọ fún yín. Bí ẹ bá bi àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò ní Challenge, bí wọ́n bá rántí obìnrin kan tó bọ́ sílẹ̀ láàárín títì torí pé wọ́n fẹ́ fi èrò mẹ́rin há ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn náà á sọ fún yín. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ń pín ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tò sórí ìlà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojo ni mí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ni mo panu mọ́, ọwọ́ obìnrin kan ló sì bá a lọ.

Dókítà eegun ni mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Àwa márùn-ún la wà ní ẹ̀ka wa: ọ̀gá, àwọn dókítà mẹ́ta tó dé ibẹ̀ ṣáájú mi, àti èmi tí mo jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú o. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn báyìí, torí ó máa rọrùn fún mi láti di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí kí n sì máa bá tèmi lọ. Ó máa ń ra àkàrà wá fún wa láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bó bá bá ọ wí, oòrùn kì í wọ̀ kó tó tún bá ọ ṣàwàdà.

Ọ̀gá lọ gbọ́ níbi ìpàdé kan pé àwọn dókítà kì í fẹnu kò lórí ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá gbé fíìmù ẹ́síréè kan náà fún dókítà márùn-ún, ọ̀nà bíi mẹ́ta ni wọ́n máa yà sí. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni pé bí wọ́n bá gbé fíìmù yẹn padà wá bá dókítà kan náà lẹ́yìn oṣù méjì, ó lè sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ọ̀gá dé, ó ní, "Ṣé àwa náà rí bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ní ká dán ara wa wò lẹ́ẹ̀mejì, ká fi oṣù méjì sáàárín.

Ohun tí a fẹ́ kọ kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ. A ni kí eegun ṣẹ́ lókè, kí oríkèé fúnra rẹ̀ má fara gbá. B ni kí apá kan oríkèé là. C ni kí oríkèé fọ́, kó sì yà kúrò lára eegun tó wà lókè rẹ̀ pátápátá. Lórí ìwé, lẹ́tà lásán ni. Lára èèyàn, lẹ́tà yẹn ló ń sọ bóyá a máa fa ọwọ́ náà tọ́ ká sì fi POP dè é, tàbí a máa là á ká fi irin mú un. Bí èèyàn bá fi POP de irú C kan tó ti yẹ̀, eegun náà á so pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló máa wọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀. Mo kó fíìmù ọgbọ̀n jọ, mo fi bébà bo orúkọ tó wà lára wọn, mo fún wọn ní nọ́ḿbà. Mo wá fa ìlà sórí ìwé. Ìwé kan ṣoṣo, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa ti ń tẹ nǹkan jáde wúruwùru, mi ò sì fẹ́ fìtínà. Àyè márùn-ún ni mo fà sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀gá ló ṣáájú, àwọn tó kù tẹ̀ lé e bí a ṣe ju ara wa lọ, tèmi ló gbẹ̀yìn. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa fi orúkọ ọmọdé ṣáájú ti àgbà lórí ìwé? Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti tọ́ àwọn yòókù náà kò gbà á.

Bí ìwé náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì nìyẹn. Ọ̀gá á wo fíìmù, á kọ tirẹ̀, á sún ìwé sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa là ń rí ohun tí ẹni iwájú kọ. Kò sẹ́ni tó ní ká máa wò ó, kò sì sẹ́ni tó ní ká má wò ó.

Fíìmù kejìdínlógún, ẹni tó ni ín wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló dé, ọ̀gá sì ní kí n fi tirẹ̀ kún un, kí èyí tó ṣì gbóná lè wà níbẹ̀. Onídìrí ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọ̀fà Garage, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Omi ọṣẹ ló yọ̀ ọ́ ṣubú lórí táìlì nílé àbúrò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gúnlẹ̀. Ó fi ìborùn gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń dirí, jókòó tì í. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ kí n tó wọlé ìpàdé. Ó ní àwọn ará ilé fẹ́ gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé, òun lòun fi àáké kọ́rí pé ilé ìwòsàn lòun ń lọ.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájà. Ohun tó dáa lẹ ṣe. Àwọn yẹn, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa nǹkan tí wọn ò rí ni. Àwa ń rí inú."

Àwa ń rí inú! Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Èmi ni mo gbé fíìmù náà kọ́ sára àpótí oníná, nítorí náà mo ti rí i kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìlà tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ wọ inú oríkèé. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ojú oríkèé náà kò tẹ́jú mọ́, apá kan ti wọlẹ̀, apá kan sì yọ sókè. Kì í ṣe pé mo fura. Mo rí i kedere. Mo sọ nínú ara mi pé, "C rèé o. Irin ló máa gba èyí." Ìgbà tó ṣe, ìwé dé iwájú mi. A, A, A, A.

Ọ̀gá ti kọ A. Àwọn mẹ́ta ti kọ A tẹ̀ lé e. Bíírò wà lọ́wọ́ mi. Mo tún gbójú sókè wo fíìmù, ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe Àlàájà ló wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, "Ta ni ẹ́? Ọdún mélòó lo ti ń wo ẹ́síréè? Èyí tí ọ̀gá ti wò ju irun orí rẹ lọ." Mo ní bí mo bá kọ C, wọ́n á bi mí níwájú gbogbo wọn. Bí mo bá jẹ̀bi, ojú á tì mí. Bí mo bá jàre, ojú á ti ọ̀gá, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo kọ A. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, ó tóbi ju ti gbogbo wọn lọ.

Ọ̀gá ní, "Ó dáa, ẹ lọ fi POP dè é." Èmi ló ní kí n lọ ṣe é, torí ó mọ̀ pé POP mi máa ń dán.

A gún un lábẹ́rẹ́ kó má baà jẹ̀rora, nọ́ọ̀sì bá mi di ìgúnpá mú, mo fa ọwọ́ náà tọ́ bó ṣe ṣe é fà, mo dè é. Ó dùn ún wò. POP ṣì ń gbẹ nígbà tó bi mí pé, "Dókítà mi, ṣé yóò padà sí bó ṣe wà? Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun o."

Mo ní, "Yóò padà, Àlàájà. Ìnṣá Állà."

Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo bá àwọn òbí mi wá láti Iléṣà, mo lọ fi orúkọ Ọlọ́run ti irọ́ mi lẹ́yìn lédè tí obìnrin náà á fi gbà mí gbọ́. Ó ṣe àmín. Ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọwọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ náà ṣe àmín. Mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá ọkọ mi jà torí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo se ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Àlàájà padà wá ká lè yẹ ọwọ́ náà wò. Àyè ṣì wà nígbà yẹn. Mo wo fíìmù tuntun tí wọ́n yà fún un, eegun náà ti ń yẹ̀ nínú POP mi tó dán. Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn. Fóònù mi wà lápò, nọ́ḿbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀gá á rí i bó bá dé. Ọ̀gá dé, àwọn aláìsàn tó ń dúró dè é kún dé ẹnu ọ̀nà, mi ò gbé fíìmù náà fún un. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo dákẹ́ nìyẹn, kò sì sí ìwé tàbí lẹ́tà ẹnikẹ́ni tí mo lè sọ pé ó dí mi lẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, a gé POP náà kúrò. Ọrùn ọwọ́ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó na àwọn ìka, ó nà wọ́n díẹ̀. Mo ní kó yí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tó bá fẹ́ ṣe àdúà. Ti òsì yí. Ti ọ̀tún dúró ní ìlàjì. Ó fi ọwọ́ òsì tì í, kò lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá ara ló le, pé òun á máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mi!

Láàárín ìgbà yẹn ni ìwé tí a kọ́kọ́ kọ dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì, ẹni tó fẹ́ bá wa ṣírò bí ọ̀rọ̀ wa ṣe dọ́gba tó. Ọkùnrin náà wo ìwé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé eegun lẹ̀ ń wò ni àbí ìwé ara yín? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ irú èyí fún mi, màá gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Nígbà tó wá di ẹ̀ẹ̀kejì, oníṣirò yìí pàṣẹ fún wa bí olùkọ́: kí kálukú gba ìwé tirẹ̀, kó fi sínú àpòòwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó da àwọn fíìmù rú fúnra rẹ̀, ó yí nọ́ḿbà wọn padà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo tú àwọn àpòòwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo tilẹ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo wá fíìmù Àlàájà, tó ti di nọ́ḿbà karùn-ún. Èmi kọ C. Ẹnì kan kọ B, ẹnì kan kọ C, ẹnì kan dúró lórí A. Mo ya ti ọ̀gá. C ló kọ. Ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Irin."

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń tu ara mi nínú, ohun tí mo ń sọ ni pé bí mo bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa gbọ́? Ọ̀gá ti sọ tirẹ̀, ó parí. Irọ́ ni. Ọ̀gá lè rí ohun tí mo rí. Ojú rẹ̀ kàn ṣì í wò lọ́jọ́ yẹn ni, bí ojú dókítà èyíkéyìí ṣe lè ṣì í wò. Ká ní mo sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún wo ibí yìí," á tún un wò, á sì ní kí n ṣeun. Gbólóhùn kan péré ni. Èmi tí mo máa ń bá ẹni tó ń ta tòmátì jà lórí ẹyọ kan tó rà.

Mo kó ìwé méjèèjì lọ bá ọ̀gá. Kì í ṣe pé mo láyà o, kò ṣe é gbé mì mọ́ ni. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó wo èkejì.

Ó ní, "Èmi ni mo kọ A yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí lọ́jọ́ yẹn?"

"C ni mo rí, sà."

"A lo kọ síbí."

"Ẹ̀yin lẹ ti kọ tiyín, sà."

Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa ojú bébà náà, níbi tí lẹ́tà rẹ̀ wà, ó sì ní, "Mo kọ tèmi, mo wá ń retí tiyín. Mo rò pé ẹ jọ rí ohun tí mo rí ni." Ó ní a lè tún eegun náà gé, ká tò ó, ká fi irin mú un. Kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè ṣe é lò ju báyìí lọ. Ó ní òun á pe Àlàájà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n lọ bá a fúnra mi.

Ọmọ Àlàájà ló ń dirí fún oníbàárà nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó fi ọwọ́ òsì di kóòmù mú, ó ń ṣàlàyé ibi tí ìlà irun máa gbà. Oníbàárà yẹn dìde tán, Àlàájà rán ọmọ rẹ̀ lọ ra òwú, ó nu àga fún mi. Ó ní, "Dókítà mi, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ wá kí mi nínú oòrùn yìí?" Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí, mi ò sì fi ọ̀gá bojú. Àwọn agbèrò ń pariwo níta, mo sì ní láti gbóhùn sókè kó tó lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ó bi mí pé, "Ọ̀gá yín wò ó, kò rí i?"

"Kò rí i lọ́jọ́ yẹn, Àlàájà."

"Ẹ̀yin wò ó, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ sì dè é."

"Mo dè é."

"Mo bi yín o."

"Ẹ bi mí, Àlàájà."

Ó ní, "Súbùhánálláì." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ó ń wò ó. "Wọ́n ń sọ fún mi nílé pé kí n wá bá yín fa wàhálà. Mo ní rárá. Mo ní kádàrá mi ni, pé ó ní ibi tí ojú ẹ̀dá mọ. Mò ń ṣe àdúà fún yín. Ẹ̀yin gan-an, mò ń dárúkọ yín ṣe àdúà."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé èèyàn ń kọjá. Mo dìde. Ó ní òun á ṣe iṣẹ́ abẹ náà, torí òun fẹ́ ọwọ́ òun.

Ó ní, "Kí ọ̀gá yín ṣe é. Mo ti foríjì í. Ẹni tí kò rí, kò rí. Ẹ̀yin, ẹ má wọ ibẹ̀."

Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni ojú mi kò ṣì í wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà sì ni obìnrin yìí kò fẹ́ rí nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò rí ibi tó ti ṣì í sọ. Ó tọ̀nà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, dé ìwọ̀n àyè kan. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn ń yí sókè báyìí, kò tán, ṣùgbọ́n ó tó gba nǹkan. Irun wẹ́wẹ́ ni kò lè dì mọ́. Ní ẹ̀ka wa, ọ̀gá ti pàṣẹ pé ẹni tó kéré jù ni kó máa kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, òun á gbẹ̀yìn. Wọ́n ń yìn mí pé èmi ni mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìyìn náà máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo dúró síta. Ọmọ Àlàájà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè mí pé kí n wá jókòó, ó sì sún fún mi. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó bu gúgúrú àti ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Àǹtí dókítà, ẹ ò ní wọlé bá wọn ni? Ẹ̀yin sáà lẹ mọ ọwọ́ náà jù."

Mo ní, "Ìyá rẹ ní kí n má wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. "Ha, kí lẹ ṣe fún wọn?"

Mo lè ní kó dúró títí ìyá rẹ̀ á fi jáde. Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá rẹ̀ ti bi mí bóyá ọwọ́ náà yóò padà sí bó ṣe wà, tí mo sì ní yóò padà, ó gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká, ó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró sídìí ògiri lọ́hùn-ún.